Wíwá iṣẹ́ postdoc nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ láti Ìlọrin: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ìyèrú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ṣe dìfẹ́ǹsì PhD nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n Sẹ́nétì ilé-ẹ̀kọ́ wa kò tíì fọwọ́ sí èsì, sàtífíkéètì kò sì tíì jáde. Iṣẹ́ mi dá lórí ẹ̀rọ tó ń fi ooru oòrùn mú gbágùúdá gbẹ. Mo kọ́ ẹ̀rọ náà, mo wọn bí omi ṣe ń kúrò lára gbágùúdá, mo sì fi CFD, ìyẹn ìṣírò ìṣàn lórí kọ̀ǹpútà, ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Pépà mẹ́rin ló ti jáde, méjì wà nínú Scopus, àkójọ àwọn jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Ibo gan-an ni wọ́n ti ń rí postdoc, iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn PhD, yàtọ̀ sí kéèyàn máa tẹ̀ ẹ́ sínú Google? Báwo lèèyàn ṣe ń kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí onítọ̀hún á sì dáhùn? Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ kí sàtífíkéètì tó jáde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ìbéèrè bá pọ̀.

Ará_Ìdọ̀fìàn

Àbúrò, o kú oríire. Ibi tí owó ti ń wá ni kí á kọ́kọ́ sọ, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa fi ímeèlì ṣòfò ni.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú àkọ́kọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ti gba owó ìwádìí, ó ti kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé òun á gba postdoc kan fún ọdún méjì, iṣẹ́ tí onítọ̀hún máa ṣe ti wà nílẹ̀. Ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn láti oṣù àkọ́kọ́ ló ń wá. Nínú èkejì, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ ètò ìwádìí sí àjọ kan, bíi Marie Skłodowska-Curie ti Yúróòpù, Humboldt ti Jámánì tàbí JSPS ti Japan, ọ̀jọ̀gbọ́n kan á sì gbà pé kí o wá ṣe é ní láàbù òun. Ní ti àkọ́kọ́, ìwọ lo máa bá iṣẹ́ tiwọn mu. Ní ti èkejì, láàbù wọn ló máa bá iṣẹ́ tìrẹ mu. Lẹ́tà kan náà kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ìkéde iṣẹ́ kò ṣòro rí. EURAXESS ni pọ́tà Yúróòpù, jobs.ac.uk ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jobbnorge ni ti Norway, CNRS, àjọ ìwádìí ìjọba, ní tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ tún ní ibi tiwa: iMechanica fún àwọn tó ń ṣe mẹ̀káníìsì, CFD Online fún àwọn tó ń ṣírò ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́, ASABE ti Amẹ́ríkà fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ àgbẹ̀ bíi tìrẹ. Fi ímeèlì rẹ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ìkéde máa bá ọ nílé.

Ṣùgbọ́n ìkéde ló ń kẹ́yìn dé. Kí ó tó jáde, owó ti wọlé, ọ̀jọ̀gbọ́n ti ronú sí i, ó sì ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n mọ ẹnì kan. Ibi tí wọ́n ti ń kéde owó ni kí o máa ṣọ́. Gbangba ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni: CORDIS fún owó Yúróòpù, Gateway to Research fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GEPRIS fún àjọ DFG ti Jámánì, KAKEN fún Japan, NSF Award Search fún Amẹ́ríkà. Tẹ "drying", "solar thermal" tàbí "postharvest" sí i. Wo ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Wo orúkọ ẹni tó ni ín, kí o wá lọ sí ojú-ewé láàbù rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tí orúkọ postdoc kankan kò sì tíì sí lójú-ewé wọn, ẹni tó yẹ kí o kọ̀wé sí nìyẹn. Bí ó bá ku oṣù mẹ́jọ kí iṣẹ́ parí, fi í sílẹ̀; owó ènìyàn ti tán níbẹ̀.

Àjọ ERC, tó ń fúnni lówó ìwádìí ní Yúróòpù, náà ń gbé orúkọ àwọn tó gba owó wọn jáde. Ti Starting Grant, owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró, sábà máa ń jáde ní oṣù kẹsàn-án, ti Consolidator, owó àwọn tó ti ń fìdí múlẹ̀, máa ń jáde ní ìparí ọdún. Starting Grant lè tó mílíọ̀nù 1.5 yúrò fún ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú owó yẹn ló sì ń lọ sórí owó oṣù àwọn tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Láàbù tuntun ni wọ́n ń kó jọ, wọn ò tíì ní ènìyàn.

Èyí tí àwọn ènìyàn ń fò kọjá jù ni ìpínrọ̀ ìdúpẹ́ tó máa ń wà ní ìparí pépà. Ṣí jọ́nà Drying Technology, wo àwọn pépà ọdún méjì sẹ́yìn tó bá iṣẹ́ rẹ mu. Wàá rí orúkọ àjọ tó sanwó àti nọ́ńbà owó náà níbẹ̀. Fi nọ́ńbà yẹn wá a nínú pọ́tà tí mo dárúkọ, wàá mọ iye ọdún tó kù.

Tánkẹ̀_Láàbù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ ti sọ ibi tí owó wà. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ímeèlì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dáadáa ti ń já.

Àkọlé ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. "Application for postdoc position" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń gba ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lọ́sẹ̀. Fi orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀ àti ohun tí o lè ṣe sí i, bíi "CFD and drying kinetics for your heat pump dryer project". Kó tó ṣí i ló ti mọ̀ pé ìwọ mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́: gbólóhùn méjì péré. Dárúkọ iṣẹ́ tó gba owó sí, kí o sọ apá ibi tí o rí pé ó nílò ọwọ́. Ìpínrọ̀ kejì: ohun tí o ti ṣe, pẹ̀lú nọ́ńbà. Má kọ pé o ní ìrírí tó jinlẹ̀. Kọ ìwọ̀n gbágùúdá tí ẹ̀rọ rẹ ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ooru tó ń ṣiṣẹ́ láàrin rẹ̀, irú thermocouple (ohun tó ń wọn ooru) tí o lò àti iye rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tó, kí o sì fi iye àṣìṣe tó wà láàrin ìṣírò CFD àti ohun tí o wọ̀n kún un. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ka ìlà mẹ́ta yẹn, á sì mọ irú ẹni tí o jẹ́. Ìpínrọ̀ kẹta: ohun tí o lè ṣe fún wọn láàrin oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, gbólóhùn méjì. Ìkẹrin: ibi tí PhD rẹ dé, ìgbà tí o lè bẹ̀rẹ̀, àti pé o ṣe tán láti bá wọn kọ ìwé owó bí owó ọwọ́ wọn kò bá tó.

Àpapọ̀ rẹ̀ kí ó má ju igba ọ̀rọ̀ lọ. So CV olójú-ewé méjì mọ́ ọn, PDF, kí orúkọ bàbá rẹ wà lára orúkọ fáìlì náà. So pépà kan ṣoṣo tó bá iṣẹ́ wọn mu jù. Sàtífíkéètì tí a ya ní fọ́tò, ZIP, àti ìwé ẹ̀rí wáẹ́ẹ̀kì kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Àwa tí wọ́n kọ́ pé kí á kí àgbà dáadáa kí á tó dé orí ọ̀rọ̀, ìkíni gígùn ló máa ń wá sí wa lọ́wọ́. Nínú ímeèlì yìí, "Dear Professor" pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀ ti tó. Wò ó dáadáa bóyá obìnrin ni kí o má lọ kọ "Sir". Ẹnì kan ni kí o kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá rí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wàá nínú cc, kò sẹ́ni tó máa dáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, ní àárọ̀ tiwọn, ló dára jù. Oṣù kẹjọ kò dára fún Yúróòpù, ìsinmi ni wọ́n wà. Bí wọn kò bá dáhùn, tún kọ ìlà méjì sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lórí ímeèlì kan náà, kí o sì fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọ_Ìyèrú

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń wo GEPRIS báyìí. Yahoo ni ímeèlì tí mo ń lò o. Ṣé ó burú? Ọ̀rọ̀ sàtífíkéètì yẹn náà ṣì wà lọ́kàn mi.

Tánkẹ̀_Láàbù

Kò burú fún ìwọ, bí orúkọ rẹ bá wà lára rẹ̀ láìsí ìnagijẹ. Àwọn tó máa kọ ìwé ẹ̀rí fún ọ ni kí o wò. Ọ̀pọ̀ pọ́tà ló ń béèrè àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn, Gmail àti Yahoo kì í sì í fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Bí sùpáfáísọ̀ rẹ kò bá tíì gba àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́, bá a lọ sí ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà kí ẹ gbà á nísinsìnyí. Líǹkì tí pọ́tà ń fi ránṣẹ́ sábà máa ń wọ spam, kí o pè é lórí fóònù lọ́jọ́ tí o bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bá a kọ kókó márùn-ún nípa iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà, kí ìwé rẹ̀ lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kó má kàn sọ pé ọmọlúàbí ni ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Òmù

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ sàtífíkéètì ni mo bá wá.

Wọn kò rí i bákan náà níbi gbogbo. Nínú ìkéde Marie Skłodowska-Curie ti 2025, ẹni tó ti ṣe dìfẹ́ǹsì tó sì yege kí gbèdéke tó pé lè wọlé, bí wọn kò bá tilẹ̀ tíì fún un ní oyè. Ní irú ipò tìrẹ, ìwé tí ilé-ìwé gíga fọwọ́ sí ló máa gbà ọ́: lẹ́tà tó sọ ọjọ́ dìfẹ́ǹsì, tó sọ pé o yege, tó sì sọ pé kò ku ohun kankan yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí Sẹ́nétì. Lọ gba lẹ́tà yẹn ní ọ́fíìsì ẹ̀ka PhD báyìí, kí o má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Kí ọjọ́ wà lára rẹ̀, kí orúkọ rẹ sì bá ti páspọ́ọ̀tù mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Orúkọ tó yàtọ̀ díẹ̀ láàrin pépà, páspọ́ọ̀tù àti ìwé èsì lè dá físà dúró fún oṣù.

Transcript náà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí. Ó ń pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, pàápàá bí wọ́n bá ní láti fi ránṣẹ́ tààrà sí òkè òkun.

Nísinsìnyí, àwọn àjọ. Marie Skłodowska-Curie sábà máa ń ṣí ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó sì ń pa ilẹ̀kùn ní oṣù kẹsàn-án. Ti 2025 jẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Ojú-ewé mẹ́wàá ni ètò ìwádìí. Ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì wà fún bí iṣẹ́ ṣe dára tó, 30 fún ohun tó máa ti inú rẹ̀ jáde, 20 fún bí o ṣe máa ṣe é. O kò gbọ́dọ̀ tíì lo ju oṣù 12 lọ ní orílẹ̀-èdè tí o ń lọ láàrin oṣù 36 tó ṣáájú gbèdéke. Fún ẹni tó wà ní Ìlọrin, ìyẹn kò ní wàhálà. Ó yẹ kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbà ọ́ ti fọwọ́ sí i kó tó di oṣù kẹfà, torí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń kọ́kọ́ yan ẹni tí wọ́n máa bá kọ ọ́ láàárín oṣù kẹta sí kẹfà. Ka ìwé ìlànà ọdún tí o fẹ́ kọ. Wọ́n ń tún un ṣe.

Humboldt kò ní gbèdéke kan pàtó, ìgbàkigbà ni wọ́n ń gbà á. Ẹni tí PhD rẹ̀ kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ ló wà fún ní ìpele postdoc, oṣù 6 sí 24. O nílò ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì tó gbà ọ́. JSPS ti Japan yàtọ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan ló ń fi ìwé náà sílẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìwọ. PhD rẹ kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́fà lọ. Gbèdéke tí o máa rí lórí pọ́tà JSPS kì í ṣe tìrẹ: ilé-ẹ̀kọ́ tó máa gbà ọ́ á ti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

Ará_Ìdọ̀fìàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọmọ yìí gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé Marie Curie. Ìwé tó wọlé lé ní 10,000 ní 2024, ó sì lé ní 17,000 ní 2025. Ìdíje ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé ojú-ewé mẹ́wàá yẹn ń gba oṣù mẹ́ta ní ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìyá_Ìbejì_Òmù

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín pé ó le. Ṣùgbọ́n ètò tó kọ síbẹ̀ kò ní ṣòfò. Ètò kan náà, bí ó bá gé e kúrú, ló máa gbé lọ sí Humboldt. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan, bíi Portugal àti Poland, tún ní ERA Fellowships, níbi tí wọ́n ti ń tún wo ìwé Marie Curie tí wọn kò rí owó fún. Fọwọ́ sí àpótí rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tí o bá ń fi ìwé sílẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà ọ́ bá wà ní irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ni pé wọn kì í mọ̀ pé àpótí yẹn wà.

Ohun tí ẹ sọ gan-an ni pé kó má fi ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Ìyẹn ni òótọ́.

Ará_Ìdọ̀fìàn

Òótọ́ ni. Ó dára, kí n fi àwọn ibòmíràn kún un. Sweden: ìkéde tó hàn gbangba ni wọ́n ń gbé jáde, iṣẹ́ gidi ni pẹ̀lú owó oṣù, ó kéré jù ọdún méjì, wọ́n fẹ́ ẹni tí PhD rẹ̀ kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Norway ọdún méjì sí mẹ́rin. Gúúsù Áfríkà: ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń béèrè PhD tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, owó náà jẹ́ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láìsí owó orí, nítorí náà kò sí ìfẹ̀yìntì tàbí ìsinmi olówó. O máa nílò ìwé SAQA, àjọ wọn tó ń yẹ oyè òkèèrè wò, fún oyè tí o gbà níbí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga KAUST ní Thuwal àti KFUPM ní Dhahran, Sáúdí, ń náwó sí oòrùn àti omi iyọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga UM6P ní Benguerir, Mòrókò, ń ṣiṣẹ́ lórí àgbẹ̀ àti agbára, iṣẹ́ rẹ sì súnmọ́ ti wọn gan-an. Ṣáínà ń gba ènìyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35.

Sábó_Òkè_Kóòdù

Mo fẹ́ bá àbúrò sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí lẹ́yìn ímeèlì dáadáa, ọ̀jọ̀gbọ́n á ṣí pépà. Ohun mẹ́ta ló máa ń kọ wọ́n lóminú.

Àkọ́kọ́ ni ìṣírò tí kò ní ìwọ̀n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìwọ ní ẹ̀rọ tí o kọ́, o wọ̀n ọ́n. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, gbé e síwájú. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ CFD láì sọ iye mesh (àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí a pín inú ẹ̀rọ sí fún ìṣírò), láì fi hàn pé bí o ti ń fi kún iye sẹ́ẹ̀lì kò yí èsì padà mọ́, láì sọ irú turbulence model (ọ̀nà ìṣírò afẹ́fẹ́ tó ń rú) tí o lò àti ìdí tí o fi yàn án, wọ́n á rò pé ṣe lo kàn tẹ bọ́tìnnì. Ṣe ìgbìyànjú mesh mẹ́ta ó kéré jù, fi tábìlì hàn án.

Ìkejì ni láísẹ́ǹsì. Bí software olówó gọbọi bá wà nínú pépà, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ kò sì ní láísẹ́ǹsì rẹ̀, ìbéèrè kan lè yọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ìdáhùn rẹ̀ máa ṣòro. Láàbù tó ní àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kò lè fọwọ́ kan ohun tí wọ́n jí lò. Kọ́ OpenFOAM, software CFD. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún afẹ́fẹ́ àti ooru, ọ̀pọ̀ láàbù Yúróòpù ló sì ń lò ó. Tún ọ̀kan nínú iṣẹ́ PhD rẹ ṣe pẹ̀lú rẹ̀, fi fáìlì case rẹ̀ sí GitHub, ojú-òpó tí wọ́n ti ń pín kóòdù, pẹ̀lú README tó sọ bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú-ewé yẹn tóbi ju ìpínrọ̀ mẹ́wàá nínú CV lọ.

Ìkẹta ni jọ́nà tí ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láì yẹ pépà wò. Bí méjì nínú mẹ́rin rẹ bá wà níbẹ̀, má fi wọ́n síwájú. Fi àwọn tó wà nínú Scopus síbi tí ojú kọ́kọ́ máa dé, kí àwọn yòókù wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọdún wọn. Má parọ́ mọ́ wọn, má sì fi pamọ́. Google Scholar á fi wọ́n hàn.

Lórí ẹ̀rọ wíwọ̀n: bí o kò bá fọwọ́ ara rẹ lo SEM tàbí XRD, àwọn ẹ̀rọ tó ń yẹ inú ohun èlò wò, tó jẹ́ pé o kàn fi ẹran gbágùúdá ránṣẹ́ sí ibòmíràn kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún ọ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "samples analysed externally". Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní láàbù ni wọ́n máa ní kí o fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n.

Ohun tí ìwọ ní tí ọmọ ibẹ̀ kò ní: gbágùúdá gidi, oòrùn gidi, eruku gidi, àti àgbẹ̀ tó ń lò ó. NCAM tó ń dán ẹ̀rọ oko wò wà ní Ìdọ̀fìàn, ilé-iṣẹ́ àgbà NSPRI tó ń ṣèwádìí ohun oko tí a kó pamọ́ sì wà ní Ìlọrin níbí. Bí o bá lè gba lẹ́tà pé wọ́n á jẹ́ kí o dán ẹ̀rọ wò lọ́dọ̀ wọn, kí o kọ ọ́ sínú ètò rẹ. Apá "ohun tó máa ti inú rẹ̀ jáde" tí Ìyá Ìbejì sọ, ibẹ̀ ni ó ti máa fúnni ní máàkì.

Igbómìnà_Òkèèrè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Físà ni mo wá sọ, torí ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìdènà tí àwọn ẹ̀ka mìíràn kò ní.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ nílò ìwé ATAS, ìwé àyẹ̀wò ààbò ti ìjọba wọn, kí ọmọ Nàìjíríà tó lè béèrè físà ìwádìí. Ọ̀fẹ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà ọ́ ló máa kọ àpèjúwe iṣẹ́ àti kóòdù ẹ̀ka rẹ̀ fún ọ. Ohun tí ìwọ bá kọ kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí i. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ọjọ́ tí ìwé ìgbàsíṣẹ́ bá dé ni kí o bẹ̀rẹ̀. Kí o tún lọ gba ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé-ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí, Èkó tàbí Àbújá. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé náà ń wúlò, má sáré ṣe é jù.

Amẹ́ríkà: físà J-1 ni ọ̀pọ̀ ń lò, pẹ̀lú ìwé DS-2019 láti ilé-ẹ̀kọ́, olùwádìí lè lò ó dé ọdún márùn-ún. Fún àwọn kan, òfin kan wà pé kí wọ́n padà gbé ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè gba físà iṣẹ́ H-1B tàbí káàdì ìgbélùú. Ó máa ń kan ẹni tí owó ìjọba gbé lọ, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àkójọ ìmọ̀ tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ka ohun tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ kí o tó fọwọ́ sí i. Òfin físà Amẹ́ríkà fún Nàìjíríà ń yí padà. Wo ojú-òpó ẹ́ḿbásì wọn kí o tó béèrè físà.

Jámánì: béèrè bóyá àdéhùn iṣẹ́ ni tàbí Stipendium, ìyẹn ẹ̀bùn owó ìwádìí. Àdéhùn iṣẹ́ sábà máa ń wà ní ìpele E13 nínú TV-L, tábìlì owó oṣù àwọn ìpínlẹ̀ wọn, pẹ̀lú ìlera àti ìfẹ̀yìntì. Stipendium kì í san àwọn yẹn fún ọ. Ìwọ lo máa san ti ìlera. Wo ilé-ìwé rẹ nínú anabin, àkójọ tí Jámánì fi ń mọ ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè, kí o tẹ ojú-ewé rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn PhD, ọdún mẹ́fà ni òfin wọn sábà ń fún ẹni tó ń ṣe àdéhùn onígbà díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ọ̀kan ṣoṣo tí ó kù: kò sí ibi tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó fún ọ ní postdoc. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó fọ́ọ̀mù tàbí owó "processing", pa ímeèlì náà rẹ́. Ka àdírẹ́sì rẹ̀ lẹ́tà fún lẹ́tà, kí o sì kọ̀wé sí àdírẹ́sì tó wà lójú-ewé láàbù, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì tó wọlé.

Ọmọ_Ìyèrú

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á san án fún yín. Láti àárọ̀, mo ti rí iṣẹ́ méjì lórí GEPRIS tó súnmọ́ tèmi, ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí wọ́n bá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí Zoom ńkọ́? Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí, ẹ mọ̀ ọ́n.

Tánkẹ̀_Láàbù

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni wọ́n sábà ń fúnni láti sọ iṣẹ́ rẹ. Ojú-ìwé mẹ́wàá sí méjìlá tó: mẹ́ta fún ohun tí o ṣe nínú PhD, mẹ́rin fún èsì pẹ̀lú nọ́ńbà, ìyókù fún ohun tí o máa ṣe ní láàbù wọn. Fi fáìlì PDF ránṣẹ́ sí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n lè máa wò ó bí fídíò bá já. Rọ bátìrì láptọ́ọ̀pù kún, kí fóònù méjì pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà níbẹ̀ fún hotspot. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, pa kámẹ́rà rẹ, kí o sọ fún wọn pé o pa á; ohùn ló ṣe pàtàkì.

Wo aago dáadáa. Aago Nàìjíríà kì í yí padà, tiwọn ń yí. Jámánì bá tiwa mu nígbà òtútù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí dé ti oṣù kẹwàá, ó fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tiwa mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú wákàtí kan nígbà òtútù. Japan fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú. Ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ará_Ìdọ̀fìàn

Àbúrò, lórí èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: kí o tó kọ̀wé, wo ojú-ewé àwọn ọmọ láàbù náà. Bí o bá rí "open position" tàbí "N.N." níbi tí orúkọ yẹ kó wà, ṣe ni wọ́n ṣì ń wá ènìyàn. Ka pépà méjì tó kẹ́yìn tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ, kí o wo ohun tí wọ́n kọ ní ìparí pé ó kù láti ṣe. Ibẹ̀ ni ìpínrọ̀ kẹta tí Tánkẹ̀ sọ ti máa jáde. Kọ ọ́ lálẹ́ yìí, fi hàn wá lọ́la, a máa bá ọ gé e.